Ojú Tí Wọ́n Ní Kí A Má Wò

Ọ̀fà,
Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kìíní, 2025.

Dúpẹ́olúwa ọmọ mi,

O kú ọdún tuntun, o kú òtútù ìlú òyìnbó. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà wà níbí, a ń bá ọyẹ́ jà. Ọyẹ́ ọdún yìí kò mọ àgbà, ètè mi ti bó tán.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo tún kọ. O mọ̀ pé etí mi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ fóònù dáadáa mọ́, bí o bá sì pe bàbá yín, "dáadáa ni" ni wọ́n máa ń sọ títí ẹ ó fi dágbére. Táíyé, akẹ́kọ̀ọ́ Póòlì tó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ wa, ni yóò ya ìwé yìí ní fọ́tò tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ. Bí tìrẹ bá dé, màá kà á nínú fóònù rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ojú ọ̀tún bàbá yín pọ́n. Ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí. Àwọn ní eruku ọyẹ́ ló kó sí i. Èmi ní Àpólò ni, torí Àpólò ti ń jà káàkiri àdúgbò láti ìgbà Kérésì. Mo fẹ́ lọ ra oògùn ojú ní kẹ́mísítì, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ rà á, kí n kọ́kọ́ bi ọ́. "A ní dókítà ojú nínú ilé, kí ni a tún ń wá lọ síta?" Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn. O mọ̀ wọ́n. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlémọ̀nà, wọn kì í gbé fáìlì kúrò lórí tábìlì àfi tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i. Ìwọ ni ọ̀gá báyìí.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí nǹkan tuntun. Ẹ̀yìn wọn ṣì ń gan láàárọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó máa ń di aago mẹ́wàá kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà. Roseline aládùúgbò wa ní kí n kí ọ, pé ohun tí o ní kí òun fi sójú lọ́dún tó kọjá ṣiṣẹ́ gan-an ni.

Tètè dá wa lóhùn. Bàbá yín ni yóò ka Ẹ̀kọ́ Kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.

Preston,
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kìíní, 2025.

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Dádì. Ara mi le, òtútù nìkan ló fẹ́ pa mí.

Àpólò ni. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú rárá. Ẹ fún Dádì ní aṣọ ìnujú tiwọn lọ́tọ̀, kí wọ́n má ṣe bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí wọ́n má sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì títí yóò fi lọ. Kí ẹlòmíràn bá wọn ka Ẹ̀kọ́ náà. Ẹ ta kọ́tìnnì bo fèrèsé, kí wọ́n sinmi nínú yàrá. Kí ẹnikẹ́ni má kán ìtọ̀ tàbí omi ṣúgà sí i o, omi tútù tó mọ́ ni kí wọ́n máa fi bọ́jú.

Ẹ̀yin náà, ẹ má wo ojú náà. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbí sọ pé wíwò kọ́ ló ń kó o ran èèyàn, pé ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wò ó yóò sún mọ́ ọn. Ẹ má wò ó rárá, ìyẹn ló sàn jù. Ẹ má sì gbé wọn lọ jókòó láàárín èrò ní ilé ìwòsàn kankan, wọ́n á kàn lọ kó o ran ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, á ti lọ.

Ẹ sọ fún Dádì pé "dókítà" wọn kí wọn o.

Ọmọ yín,
Dúpẹ́.

Ọ̀fà,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kìíní, 2025.

Dúpẹ́ mi,

Mo kí ọ o. A rí lẹ́tà rẹ, a sì ṣe gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Bàbá yín ní kí n kà á sí àwọn létí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Mo ní inú fóònù Táíyé ló wà, wọ́n ní kí n dà á kọ. Mo dà á kọ.

Yàrá ti ṣókùnkùn bí inú àká. Orí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ni mo máa ń gbé oúnjẹ wọn lé, màá kan ilẹ̀kùn, màá sì kẹ̀yìn sí i kí wọ́n tó ṣí i. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí balùwẹ̀, wọ́n á wúkọ́, kálukú á yà fún wọn. Táíyé ti ra gíláàsì dúdú fún wọn. Mo ní wọ́n dà bí olórin, ẹ̀rín pa wọ́n díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ti pé, ojú ò funfun. N kò rí i o, dígí ni wọ́n fi wò ó tí wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní òkùnkùn yẹn dára fún àwọn, pé bí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé pẹ́nrẹ́n, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún ojú ni. Wọ́n ní èyí fi hàn pé o mọ ohun tí o ń ṣe, torí ìwọ lo ní kí a ta kọ́tìnnì.

Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú. Nígbà tí Roseline ṣe Àpólò, ipin ló máa ń lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀ láàárọ̀. Bàbá yín ní tiwọn kò ní ipin kankan, omi lásán ló ń dà. Ojú kan ṣoṣo ni, kò sì ran ojú kejì. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni Àpólò máa ń ṣe?

Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí wọn láti ẹnu ọ̀nà, ó ní kí a lọ ṣe àyẹ̀wò. Bàbá yín dá a lóhùn láti inú yàrá pé dókítà àwọn ti ní kí àwọn má lọ. Ó ní ó dáa, ó súre fún ọ, ó sì lọ.

Kọ̀wé sí wa kíákíá. Má jẹ́ kí a máa retí èsì rẹ títí, bí a ṣe tọ́ ọ kọ́ nìyẹn.

Ìyá rẹ.

Preston,
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2025.

Mọ́mì,

Ẹ kú ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni. Àwọn méjì kò wá síbi iṣẹ́, èmi ni mo ń ṣe tiwọn mọ́ tèmi.

Kì í ṣe gbogbo Àpólò ló ń mú ipin wá. Ti ẹlòmíràn máa ń pẹ́, pàápàá àgbàlagbà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sí i. Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Tí ẹ bá ti ń bẹ̀rù báyìí, Dádì náà á máa bẹ̀rù. Mo ti sọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe, ẹ kàn tẹ̀ lé e.

Ẹ bá mi kí Fíkà.

Dúpẹ́.

Ọ̀fà,
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Dúpẹ́olúwa,

Mo kí ọ. Ọ̀sẹ̀ kan tí o ní kí a fi sí i ti kọjá.

Ìrora náà ti gun òkè. Ó kúrò nínú ojú, ó dé ìpéǹpéjú, ó dé ẹ̀bátí. Bàbá yín máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ọkùnrin tí kò pariwo nígbà tí ọ̀kadà gbá a, o rántí, ó ti ń kérora. Wọ́n ní bí ẹni pé èéfín bo ohun gbogbo ni ojú yẹn ń rí. Mo ní kí wọ́n fi ojú òsì ka Bíbélì díẹ̀ kí ọwọ́ wọn lè dí, wọ́n ní bí àwọn bá tan iná sí ojú òsì tí kò ṣe nǹkankan, ojú ọ̀tún ló ń dun àwọn. Mo ní irú rẹ̀ wo nìyẹn?

Mo bẹ Táíyé pé kó wọlé ya ojú náà ní fọ́tò kí o lè rí i. Ó kọ̀. Ó ní òun ní ìdánwò, pé bí òun bá fi kámẹ́rà wò ó, wíwò náà ni. Fóònù tèmi kò ní kámẹ́rà. N kò lè fi ipá mú ọmọ ọlọ́mọ, ṣebí ìwọ náà ni o kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má wò ó.

Dúpẹ́, ṣé mo lè wò ó báyìí? Ṣé kí n gbé wọn lọ sí Ìlọrin? Wọ́n ní àwọn kò ní lọ àfi tí o bá ní kí àwọn lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Ìyá rẹ.

Ọ̀fà,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì, 2025.

Dúpẹ́,

Táíyé fi hàn mí pé àmì méjì tó wà lábẹ́ lẹ́tà mi ti di búlúù. Ó ní ìyẹn ni pé o ti kà á. Láti ọjọ́ kọkàndínlógún ló ti di búlúù.

Bàbá yín kò jẹun láti àná. Mo ní kí a máa lọ, wọ́n ní o máa kọ̀wé.

Kí ni mo ṣe fún ọ?

Ìyá rẹ.

Preston,
Ọjọ́ kìíní, Oṣù Kẹta, 2025.

Mọ́mì mi,

Ẹ dárí jì mí, n kò ní kí yín pẹ́ títí lónìí. Ẹ ka èyí tán, kí ẹ sì ṣe ohun tó wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì. Mo ní màá fèsì tí mo bá délé, mo sùn lọ. Lọ́jọ́ kejì ojú tì mí pé mo ti jẹ́ kó pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sún un síwájú.

Lánàá, bàbá kan wá sí klíníìkì wa, ojú rẹ̀ kan pọ́n. Mo ti ń sọ nínú ara mi pé Àpólò ni. Dókítà fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan, ó ní kí n dúró kí n bá òun di orí bàbá náà mú. Ó ní kí wọ́n wò ó dáadáa. Ó ní pípọ́n náà yí ẹyinjú ká bí òrùka, kò pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Kò sí ipin, omi nìkan ni. Ìmọ́lẹ̀ ń dùn ún, kódà tí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú tó dáa, èyí tó ń ṣàìsàn ló ń ro ó. Ó ń dùn ún dé ẹ̀bátí. Kò ríran kedere. Ọmọlójú rẹ̀ kéré, ó dúró gbagidi, kì í là, kì í pa dé. Lẹ́yìn náà ni dókítà bi í bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń gan láàárọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ọdún pípẹ́. Mọ́mì, ibẹ̀ ni mo ti rántí gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi nípa Dádì.

Kì í ṣe Àpólò ló ń ṣe Dádì. Inú ojú gan-an ló wú, òrùka aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká. Kì í ran ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá tètè kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i, pẹ̀lú èyí tó ń pa wíwú náà, á lọ. Bí ó bá pẹ́, òrùka yẹn á lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, omi inú ojú á wá ọ̀nà kò ní rí, ojú á sì fọ́.

Ẹ wọlé tọ Dádì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ojú náà, kí ẹ wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà kí ẹ gba ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n lọ.

Dúpẹ́.

Ọ̀fà,
Ọjọ́ kejì, Oṣù Kẹta, 2025.

Dúpẹ́,

Mo wò ó.

Mo wọlé, mo ṣí kọ́tìnnì, wọ́n fi apá bojú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé orí wọn lé itan mi. Bí ọ̀sẹ̀ méje ni n kò fi wo ojú ọkọ mi. Wọ́n ti rù débi tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi yọ.

Pípọ́n náà yí ẹyinjú ká lóòótọ́, bí o ṣe wí. Ọmọlójú òsì rí róbótó. Ti ọ̀tún kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, etí rẹ̀ ti rí gbágungbàgun bí ìwé tí eku jẹ létí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kò mira. Nísàlẹ̀ ẹyinjú, ohun funfun kan rọlẹ̀ síbẹ̀ bí ògì ṣe máa ń rọlẹ̀ sídìí kọ́ọ̀bù. Mo bi wọ́n pé ìka mélòó ni mo nà, wọ́n ní kí n nà á ná. Mo ti nà á.

Ọkọ̀ ti dé. Fíkà ló ń wà wá lọ. N kò lè kọ̀wé mọ́.

Ọ̀fà,
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹta, 2025.

Dúpẹ́olúwa,

A ti dé láti Ìlọrin. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi dá wa dúró.

Obìnrin ni dókítà tó tọ́jú wọn, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní òrùka náà ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn yí ká, omi kún inú ojú, ó sì ti pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Ó ní ìrora yóò lọ, ó sì ti ń lọ. Ìríran kò ní padà. Ojú yẹn mọ̀ bí iná bá wà tàbí kò sí, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ká ní a wá ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì ni, oògùn kíkán lásán ni ì bá ṣe é. Ó tún ní ó lè mú ojú kejì nígbàkigbà.

Ó wá bi wá pé kí ló dá wa dúró. Bàbá yín dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ọmọ mi tó jẹ́ dókítà ojú ní ìlú òyìnbó ló ń tọ́jú mi." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, bí ẹni tó ń ka Ẹ̀kọ́ ni. Dókítà náà wá gba nọ́ńbà rẹ lọ́wọ́ mi, ó ní òun yóò pè ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, pé gẹ́gẹ́ bí dókítà sí dókítà, òun fẹ́ mọ ohun tí o rí àti oògùn tí o fi sí i.

Inú bàbá yín dùn pé ẹ̀yin méjèèjì yóò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí o ṣàlàyé dáadáa kó má bàa rò pé a kò ní olùtọ́jú.

Ìyá rẹ.

Preston,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Mọ́mì mi, Dádì mi,

Dókítà náà pè mí lọ́jọ́ Ẹtì. N kò gbé e. Ó tún pè, n kò gbé e. Lánàá èmi ni mo pè é padà, mo sì sọ òótọ́ fún un. Ó yẹ kí ẹ̀yin ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Èmi kì í ṣe dókítà. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ń ṣiṣẹ́ ní klíníìkì ojú lóòótọ́. Èmi ni mo ń pe orúkọ àwọn aláìsàn, mo ń ti àwọn tí kò lè rìn lórí kẹ̀kẹ́, mo ń nu ibi tí wọ́n ń gbé àgbọ̀n lé lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò. N kò kán oògùn sójú ẹnikẹ́ni rí láyé mi.

Mo sọ fún yín nígbà yẹn pé mo ríṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ojú. Dádì sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀ṣì sọ ọ́ di dókítà. Mo gbọ́ ọ, inú mi dùn, mo dákẹ́. Nígbà tí Roseline bi mí léèrè, inú fóònù ni mo ti ka ohun tí mo sọ fún un. Ó bọ́ sí i. Mo wá rò pé màá máa mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé kí ẹ má wò ó, mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń kọ ọ́. Nígbà tí Mọ́mì sọ pé kò sí ipin, ẹ̀rù bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ní n kò mọ̀, ẹ ó bi mí pé kí ni mo wá ń ṣe níbẹ̀.

Dádì, èmi ni mo fọ́ ojú yín. Mọ́mì, ẹ kà á sí wọn létí bó ṣe wà, ẹ má yọ nǹkankan kúrò. Kí ẹ sì sọ fún Fíkà, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́.

Dúpẹ́olúwa.

Ọ̀fà,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin, 2025.

Dúpẹ́olúwa,

Mo kí ọ. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ó wù mí kó pẹ́ ni.

Mo ka lẹ́tà rẹ sí bàbá yín létí. Wọ́n ní kí n tún un kà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ aṣọ, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ bá Fíkà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì sọ ọ́ fún un. N kò tíì rí bàbá yín kí wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n bẹ Fíkà pé kó má bú ọ lójú ìjọ.

Lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, ojú òsì wọn pọ́n. A kò bi ẹnikẹ́ni. Aago mẹ́fà kò tíì lù tí a fi wà nínú ọkọ̀. Dókítà kán oògùn sí i, ọmọlójú là, ó ní a tètè dé. Ó ní ojú náà yóò ṣe bàìbàì fún ìwé kíkà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò sì mọ́ padà. Ó tún ní àìsàn náà lè padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí ọjọ́ ayé wọn. Wákàtí méjì-méjì ni mo ń kán oògùn náà. Mo máa ń wo ojú wọn láàárọ̀ kí n tó kí wọn.

Bàbá yín ní kí n kọ ọ́ síbí pé àwọn kò bínú sí ọ. Mo ti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí.

Èmi bínú. N kò bínú pé o ń ti aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ ni, ìyá rẹ náà ti gbálẹ̀ kíláàsì rí kí wọ́n tó fún un ní ṣọ́ọ̀kì olùkọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé mo gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà fún ọkọ mi bí ẹni ń bọ́ ajá, mo kẹ̀yìn sí i nígbà tí ojú rẹ̀ ń kú, torí ọ̀rọ̀ tí o mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Mo lè wọlé nígbàkigbà. Ilẹ̀kùn yẹn kò ní kọ́kọ́rọ́. Ìwọ ni mo ń bínú sí yìí, tàbí ara mi, n kò tíì mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀.

Má tíì kọ̀wé sí mi. Bí inú mi bá rọ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ kọ. Bí kò bá sì rọ̀, máa pe bàbá yín. Wọ́n á sọ pé dáadáa ni.

Ìyá rẹ ṣì ni mí.